Igbó Oshoffa àti ẹsẹ̀ Orímọládé

Ní Àjàṣẹ́ wa níbí, ìyẹn Porto-Novo, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ariwo bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aláṣọ funfun, ẹ kàn bi wọ́n léèrè pé nínú Oshoffa tó dá Sẹ́lẹ́ sílẹ̀ àti Orímọládé bàbá àwọn Kérúbù àti Séráfù, èwo ló ju èkejì lọ. Kẹ́ ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ máa wòran. Àwọn Sẹ́lẹ́ á ní òkú mélòó ni Orímọládé jí? Àwọn Kérúbù á ní ta ló kọ́kọ́ wọ sùtánà, ta ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà kó tó wọ ilé Ọlọ́run, ṣé kì í ṣe ara wa lẹ ti wò ó kọ́ ni? Wọ́n á máa ka iṣẹ́ ìyanu síra wọn lójú bí ẹni ń ka owó èésú, ilẹ̀ á ṣú, kò ní tán.

Èmi ò sí nínú ìjọ méjèèjì o. Métódíìsì ni wọ́n bí mi sí, Métódíìsì náà ni mo ṣì ń lọ, ìgbà tó bá wù mí ni mo sì ń lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ àárín wọn ni mo dàgbà sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, Sẹ́lẹ́ ni. Bàbá tó ń ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́yìnkùlé wa, Sẹ́lẹ́ ni. Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa, Kérúbù paraku ni, gbogbo àdúgbò ò mọ orúkọ ẹ̀ mọ́, Ìyá Kérúbù náà la mọ̀. Tí wọ́n bá ti ń jiyàn tí mo bá dá sí i, wọ́n á ní kí ló kan èmi ońṣọ́ọ̀ṣì fìlà ńbẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó kàn mí, torí Métódíìsì ni Oshoffa fúnra ẹ̀ kó tó di Oshoffa, ilé wa ló ti jáde lọ, ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá lọ sájò ṣebí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bó ṣe rìn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nípa wọn kì í ṣe ìyanu. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní bá ẹni tó ní wọ́n gbàdúrà fún ọmọ òun tọ́mọ dìde jiyàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwọn méjèèjì, ìgbà tí wọ́n dá wà ni Ọlọ́run bá wọn pàdé, kò sí àlùfáà níbẹ̀, kò sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sí kọ́yà tó ń kọrin, àmọ́ ohun tí kálukú wọn wá fi dídáwà yẹn ṣe nígbà tó padà sáàárín èèyàn, ibẹ̀ lọ̀nà ti pín. Ó pín gan-an. Aṣọ funfun yẹn ni ò jẹ́ ká rí i.

Ẹ jẹ́ n ti ọ̀dọ̀ àgbà bẹ̀rẹ̀. Ìkàrẹ́ Àkókó ni wọ́n ti bí Mósè Orímọládé Túnọláṣe, nǹkan bí ọdún 1879, ọmọ ọba ni, inú ilé tí wọ́n ti ń bọ Ifá ló sì wà. Kò lè rìn. Ìtàn tí àwọn Kérúbù ń sọ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ló fẹ́ dìde dúró, ẹ̀rù ba bàbá rẹ̀, ló bá pe ọfọ̀ lé e lórí pé kó jókòó, ọmọ jókòó lóòótọ́, kò sì rí i dìde mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ gbà á, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Èmi, ohun tí mo máa ń rò ni ọmọ tó jókòó sójú kan yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sáré kiri, wọ́n ń gun òkè Àkókó sókè sódò, òun wà lórí ẹní. Kí ni ọmọ yẹn ń bá ara ẹ̀ sọ lọ́jọ́ gbogbo? Ta ló ń gbọ́ ọ?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n tún máa ń sọ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì St Stephen's tó wà ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ní àlùfáà ibẹ̀ gbọ́ orin lóru nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tì pa, ó rí iná, ó rò pé olè ni tàbí iwin, ó ṣílẹ̀kùn, ọmọdé kan ṣoṣo ló bá tó jókòó nílẹ̀. Orímọládé ni. Ìyá Kérúbù kì í sọ ibí yìí láìdúró díẹ̀ kó nu ojú, epo àkàrà á sì máa jó lórí iná.

Ìgbà tó dàgbà díẹ̀ ló lá àlá, áńgẹ́lì kan fún un ní ọ̀pá, ó fún un ní àmì oyè, ó fún un ní adé. Wọ́n ní kó fi omi odò tó ń ṣàn wẹ̀. Ó wẹ̀ ẹ́, ó sì rìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wàásù nípa ẹ̀ máa ń sáré kọjá nìyí, èmi ò sì fẹ́ sáré kọjá ńbẹ̀: ẹsẹ̀ yẹn ò tọ́ tán. Ó ń tiro ni. Ó ń tiro títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń gbé aláìsàn wá bá, tí wọ́n ń gba àdúrà lọ́dọ̀ ẹ̀ tára wọn ń yá, òun fúnra ẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Tó bá jẹ́ àwọn wòlíì ayé òde òní tá à ń rí nínú fídíò WhatsApp ni, wọ́n á ti fi ìyẹn pamọ́, wọ́n á ní ẹ má yà á sí fọ́tò. Òun ò fi pamọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nìyẹn.

Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn ló fi rin ìrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó pé ò tíì rìn. Kábà, Lọ́kọ́jà, òkè Ọya, Bìní, ìlú lẹ́yìn ìlú, kò sí ẹni tó rán an, kò sí ìjọ tó ń san owó oṣù fún un. Kò kàwé, àmọ́ Bíbélì wà lórí ẹ̀ bí ẹni pé ó há a sórí látinú oyún. Á dé ìlú, á wàásù, á gbàdúrà fún èèyàn, àwọn tó bá gbàgbọ́, á ní kí wọ́n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wà níbẹ̀, á sì jáde. Kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, gbogbo ọdún yẹn kò dá ìjọ kankan sílẹ̀.

12 July 1924 ló wọ Èkó. Ó dé sí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Ẹbúté Èrò, kò pẹ́ tí àlùfáà ibẹ̀ fi ní kó kó jáde. Ó kó jáde. Àwọn èèyàn ṣáà ń wá a lọ síbikíbi tó bá sùn, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Aládùúrà, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lórí. Ọdún kejì, June 1925, ọjọ́ Fête-Dieu, àwọn Àgùdà ń gbé Ara Olúwa kiri ìgboro Èkó, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ń wòran, ó ní òun rí áńgẹ́lì lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n gbé, áńgẹ́lì yẹn sì tẹ̀lé òun délé. Ló bá lọ sójú ìran, kò jí. Wọ́n ṣe é títí kò jí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Aládùúrà, ó wá, ó gbàdúrà, ọmọ jí. Ilé yẹn ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀, bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, 9 September 1925 ni wọ́n sọ ọ́ ní Séráfù, Kérúbù dé lẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ ni o, kì í ṣe ìjọ. Ẹni tó jẹ́ ti C.M.S. á lọ sí C.M.S. lọ́jọ́ Àìkú, Métódíìsì á lọ sí Métódíìsì, wọ́n á wá pàdé fún àdúrà. Àwọn àlùfáà ni wọ́n fi ojú le wọn jáde tó fi wá di ìjọ. Lójú tèmi, tí wọ́n bá fi Orímọládé sílẹ̀, á kàn máa gbàdúrà náà ni, á tún mú ọ̀pá, á jáde nílùú.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé.

Samuel Biléhou Joseph Oshoffa, Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n bí i sí ní 1909. Biléhou yẹn, ẹ̀yin náà mọ irú orúkọ tó jẹ́, àwọn ọmọ ti ń kú mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá yẹn, Métódíìsì ni, ló bá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé tí èyí bá dúró, Ọlọ́run ló ni ín. Ìyá rẹ̀, ará Ìmẹ̀kọ ni. Ìgbà tọ́mọ pé ọdún méje, bàbá mú ẹ̀jẹ́ ṣẹ, ó mú un lọ bá àwọn tó ń kọ́ni ní ìjọ wa, kó máa gbé lọ́dọ̀ wọn, kó di oníwàásù lọ́jọ́ iwájú. Nǹkan tó bà á jẹ́, bíríkì ni. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa po amọ̀ kí wọ́n máa gé bíríkì, wọ́n kọ̀, wọ́n lé wọn, Samuel wà nínú àwọn tí wọ́n lé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ẹ̀, pé bíríkì ni ò jẹ́ kí Oshoffa di àlùfáà Métódíìsì, bóyá àwa là bá ti máa wọ sùtánà báyìí. Ó padà sídìí iṣẹ́ bàbá ẹ̀, ó ń gbẹ́ pákó, ó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 1933 tí Orímọládé kú l'Ékòó, ọ̀dọ́mọkùnrin ni tiẹ̀, ìdí igi ló ṣì wà.

Nígbà tó yá, ó kúrò nídìí gbígbẹ́ ó bọ́ sí títà, igi ébène, igi dúdú yẹn. Bàbá ẹ̀yìnkùlé wa ló jẹ́ kí n mọ irú òwò tó jẹ́. Ó ní ègé ébène kékeré kan tó ti fi pamọ́ tipẹ́, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó gbé e fún mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀, ó wúwo bí irin. Ó fi rábó, irin tí wọ́n fi ń fá pákó, fá a díẹ̀, èyí tó jáde ò ká bíi ti igi yòókù, ó ń wó wẹ́wẹ́ ni, dúdú kirikiri. Ó wá jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ó rì lọ sísàlẹ̀ gbì.

"Ṣó o rí i, ọmọ mi? Ọ̀pọ̀ igi ló ń léfòó, eléyìí kì í léfòó. O ò lè so ó pọ̀ kó o jẹ́ kí omi gbé e wálé fún ẹ. Ẹni tó bá ń wá a, afi kó wọkọ̀ lọ bá a níbi tó wà, kó wọnú igbó fúnra ẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń wàásù fún mi ni?"

Ó ní, "Igi ni mò ń sọ, ìwọ lò ń wá ìwàásù."

Ohun tí Oshoffa bá lọ nìyẹn, May 1947. Ó gba ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Michael, wọ́n gba ojú ọ̀sà lọ sọ́nà ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Tọfin. Ọjọ́ tí oòrùn wọ̀ọ̀kùn ní ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Ìwé ìjọ kọ ọ́ sí 23 May, àwọn tó ń ka ìràwọ̀ kọ wíwọ̀ọ̀kùn oòrùn ọdún yẹn sí 20 May, ó sì gba orí Dahomey kọjá lóòótọ́. Àwọn kan ti fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn jà dé ibi pé wọn ò kíra wọn mọ́. Ẹ gbọ́, ẹni tó wà nínú igbó, tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lọ́sàn-án, ṣé kàlẹ́ńdà ló máa yọ wò?

Ó ń gbàdúrà, ojú ẹ̀ wà ní dídì, ó gbọ́ ohùn kan tó ń pè é, Luli, Luli. Àwọn Sẹ́lẹ́ ní oore-ọ̀fẹ́ ni ìtumọ̀ ẹ̀. Inú ń run Michael bí ẹni máa kú, Oshoffa gbàdúrà fún un, ó dìde. Ó rí ẹyẹ kan, ó rí ejò, ó rí ọ̀bọ funfun kan. Ó sì sọnù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà nínú igbó yẹn, oyin ló ń lá, omi ibẹ̀ ló ń mu, Bíbélì ló ń kà. Ará ilé ti gbà pé ó ti kú. Èmi tí mo ti jókòó nínú ọkọ̀ lójú ọ̀sà rí nígbà tí ọ̀nà ò hàn mọ́, tí koríko ga ju orí èèyàn lọ lọ́tùn-ún lósì, mo mọ̀ pé wákàtí kan péré tó láti mú kéèyàn rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá láti kékeré.

Ó jáde, ó wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún aláìsàn, wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ti kú jí. Títí dìgbà yẹn, bí Orímọládé náà ló rí, ọkùnrin kan tó dá wà, tó ń gbàdúrà, tí èèyàn ń wá bá. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní nǹkan kan láti kọ. 29 September 1947 ló yí padà. Ó ń gbàdúrà nínú ilé, ìmọ́lẹ̀ kan yọ bí iná mọ́tò, ẹni abìyẹ́ kan dúró níbẹ̀, ó fún un níṣẹ́: pé ọ̀pọ̀ Kristẹni ló wà tí wọ́n ń jẹ́ Kristẹni lórúkọ, tí ìṣòro bá dé, wọ́n á sáré lọ sídìí òrìṣà, wọn ò sì ní rójú Kristi lẹ́yìn ikú, kó lọ kìlọ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àjàṣẹ́, ṣé irọ́ ni? Ìlú tí Zangbeto ń ṣọ́ lóru, tí ilé Ifá wà lójúlé kan tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lójúlé kejì, tí mọ́ṣáláṣí ńlá àárín ìlú alára jọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà lójú, torí àwọn tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ. Àwa tá à ń lọ sí Métódíìsì láàárọ̀ pẹ̀lú kọ́sítúùmù àti táì, mo mọ ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń lọ tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìjọ wa mọ̀, ìjọ wa ń dákẹ́. Oshoffa ò dákẹ́.

Kò sì kàn ní ẹ má lọ sọ́dọ̀ babaláwo mọ́. Ó fún èèyàn ní nǹkan tí wọ́n á dì mú. Àbẹ́là nìyí, omi tí wọ́n gbàdúrà sí nìyí, lọ́fínńdà nìyí, kànrìnkàn àti ọṣẹ nìyí lọ fi wẹ̀, ọjọ́ báyìí ni kó o gbààwẹ̀, sáàmù báyìí ni kó o kà nígbà báyìí. Ẹ má jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má mu ọtí, ẹ má mu sìgá, tẹ́ ẹ bá ti wọ sùtánà ẹ má wọ bàtà, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kó má wọlé àdúrà. Ìjọ náà sì lórúkọ, Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, ojú ìran ni wọ́n ní orúkọ yẹn ti wá, àwọn orin kan náà ojú ìran ni, ní èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ nínú ọjà Wàńdó. Gbogbo nǹkan ló lófin, gbogbo nǹkan ló láyè tiẹ̀.

Ohun tí mo rò nípa ẹ̀ nìyí: Oshoffa gbé igbó yẹn wálé. Ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀, ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú òkùnkùn, nǹkan tí wọn kì í jẹ, ibi tí wọn kì í dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún oṣù mẹ́ta, ó ṣe é kó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí ò ní wọ igbó láéláé náà lè rí díẹ̀ fọwọ́ bà. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà náà ni, ó wọn ọ́n, ó gé e, ó kàn án pọ̀.

Orímọládé ò kan nǹkan kan pọ̀ ní tiẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i kò ṣeé pín fún èèyàn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó ń tiro ṣòfin? Ẹ ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ jókòó sórí ẹní nígbà èwe wọn kí wọ́n má lè dìde. Àdúrà nìkan ló lè fún wọn, ìyẹn ló sì fún wọn.

Ìyá Kérúbù ò gba ọ̀rọ̀ mi yìí o, ó ní mò ń fi Bàbá ṣe ẹni tí ò lágbára. Ó ní, "Ṣé Bàbá tiẹ̀ fẹ́yàwó? Dá mi lóhùn." Mo ní rárá, kò fẹ́. Ó ní, "Èkejì ńkọ́?" Mo dákẹ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Oshoffa fẹ́ ìyàwó púpọ̀, ìjọ ò sì fi pamọ́, aláya púpọ̀ lè wọ Sẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Ó ju àkàrà sínú epo, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ rí Ọlọ́run ò gbọdọ̀ máa rí èèyàn méje lójúmọ́ tó ń bèèrè owó ọbẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá ẹ̀yìnkùlé, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn míṣọ́nnárì lé bàbá tiẹ̀ kúrò nídìí oúnjẹ alẹ́ Olúwa torí ìyàwó mẹ́ta, wọ́n ní kó lé méjì lọ kó tó lè padà, ó bi wọ́n pé èwo nínú ìyá àwọn ọmọ òun lòun máa lé, wọn ò rí ìdáhùn fún un. Sẹ́lẹ́ ló gbà á pẹ̀lú gbogbo wọn. Kò sí nǹkan tí mo lè sọ sí ìyẹn. Ẹni tó ń gbé láàárín èrò ló máa mọ irú ẹrù tí èrò ń rù.

Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, Ìyá Kérúbù mú mi. Ní Kérúbù, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ló wà níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Kápútẹ́nì Abíọ́dún, ó ń ṣíwájú èrò láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, ó ń wàásù níta gbangba níwájú ọba. Ní Sẹ́lẹ́, obìnrin lè ríran, ó lè sọtẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo sọ yẹn, tó bá ti lọ sójú ìran, àwọn àgbà ọkùnrin á kúnlẹ̀ máa kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀, àmọ́ kò ní gun pẹpẹ láéláé. Wọ́n gbà pé Ẹ̀mí lè ti ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìyẹn pọ̀ nínú orí wọn. Orímọládé alára ò kúkú lè bá Abíọ́dún gbé é dópin, 1929 ni wọ́n pínyà, kálukú di ẹ̀yà tiẹ̀ mú, ìyẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ka Kérúbù tá à ń rí tó ju ká kà lọ. Ẹni tó ti dá rìn láti Ìkàrẹ́ dé òkè Ọya, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹgbẹ́ pọ̀ láìjẹ́ kó tú. Ìyẹn ò ya èmi lẹ́nu.

Ní ti Sẹ́lẹ́, ìtànkálẹ̀ ẹ̀ yá kíá. Àwọn apẹja Tọfin ló gbé e gba ojú omi dé Makoko l'Ékòó, nǹkan bí 1950, 1958 ni wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1976 Oshoffa fúnra ẹ̀ kó lọ sọ́hùn-ún. Ìgbà yẹn ìjọba Kérékou ti ní Marx làwọn ń tẹ̀ lé, orúkọ Dahomey gan-an ti di Bénin. Ìjàm̀bá mọ́tò ló ṣe é, ó kú ní 10 September 1985, Ìmẹ̀kọ ilé ìyá ẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará Kétu máa ń sọ pé àwọn ni wọ́n sin ín sọ́dọ̀, torí Ìmẹ̀kọ àti Kétu ilé kan náà ni kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fa ìlà bọ́dà gba àárín wọn kọjá ní 1889. Orímọládé, Òjòkòrò lọ́nà Agége ni tiẹ̀ wà, 19 October 1933.

Kí òkú ọkọ̀ọ̀kan tó jẹrà tán ni ìjà ti dé, ta ló máa jókòó sórí àga. Ti Kérúbù ti bẹ̀rẹ̀ kí bàbá tó kú. Ti Sẹ́lẹ́ burú jù, torí òfin pọ̀, ohun tí wọ́n máa jà lé lórí náà pọ̀, Àjàṣẹ́ ní ibí ni orísun, Nàìjíríà ní ibẹ̀ ni bàbá kú sí, wọ́n gbé ara wọn lọ kóòtù, olórí pín sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ìjà yẹn ti ń bímọ. Bàbá ẹ̀yìnkùlé kì í fẹ́ ká dá a sílẹ̀. Tí mo bá ti mẹ́nu bà á, á gbé rábó ẹ̀.

Síbẹ̀ mo ti bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí etí òkun Sèmè lọ́jọ́ àìsùn Kérésì. Ẹni tí ò bá tíì rí i, kò lè mọ̀. Èrò tó kún orí yanrìn, funfun láti ibi tójú rí dé ibi tójú ò rí mọ́, àbẹ́là tí afẹ́fẹ́ òkun ń pa tí wọ́n sì tún ń tàn án, ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ti da omijé pọ̀ mọ́ lọ́fínńdà, tó ń dárúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wà ní Gabon, ọ̀kan wà ní Cotonou, ọ̀kan ò gbọ́ràn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ Métódíìsì mi, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ ìyá yẹn. Ọ̀nà Oshoffa ló gbé e débẹ̀. Ti Orímọládé ò lè gbé e débẹ̀, kò ní ọkọ̀ tó gba èrò tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí, èmi fúnra mi, ọ̀nà wo ni mo máa tọ̀, ti ọkùnrin Ìkàrẹ́ yẹn ni. Mo gbà pé Oshoffa ló wúlò jù fún ìlú wa, mi ò jiyàn, ó mọ ẹ̀rù tó ń bà wá ó sì fún wa ní nǹkan tá a máa fi lé e. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan yẹn, lọ́jọ́ tó bá pẹ́, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé kí òun má lọ gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, ṣé àbẹ́là yẹn pé, ṣé mo wọ bàtà, ṣé ọjọ́ yẹn ni mo ka sáàmù náà, ẹ̀rù tí wọ́n lé jáde lẹ́nu ọ̀nà á gba fèrèsé wọlé padà. Mo ti rí i lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo nífẹ̀ẹ́ wọn gan-an, mo sì ti rí i. Orímọládé, kò sí nǹkan tó lè gbàgbé. Á jí, á tiro jáde, á gbàdúrà, ó parí. Wọ́n lé e kúrò ní Ẹbúté Èrò, ó mú ọ̀pá ẹ̀.

Mo ka apá ìkẹyìn yìí fún Ìyá Kérúbù lánàá nígbà tí mo lọ ra àkàrà. Inú ẹ̀ dùn, ó fún mi ní èènì, ó ní ó ti yé òun pé mo ti di ọmọ Séráfù, kí n bá àwọn lọ sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní mo gbọ́, Màmá, mo máa wá, ṣùgbọ́n mi ò ní bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu géètì o, inú báàgì ni màá kó o sí, wọ́n ti jí tèmi rí níbẹ̀. Ó ní àwọn Sẹ́lẹ́ ló jí i.